Power pack mẹ́ta tí mo gbé sórí Dell àtijọ́ kan ní Ìkòròdú

Bí ẹ bá ní désítọ́ọ̀pù àtijọ́ tí power pack rẹ̀ (àpótí irin inú ẹ̀ tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ) ti kú, tí ẹ sì wà ní Ìkòròdú, tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ojúlówó Dell tàbí HP ni kí ẹ rà. Ẹ fi tuntun inú páálí tí wọ́n kọ 600W (600 wọ́ọ̀tì) gàdàgbà sí lára sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn tó ń tà á, torí òun ló ń yá tà jù: tuntun ni, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì ga. Ṣùgbọ́n mo ti gbé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, mo sì fi mítà wọn iná tó ń jáde lára wọn nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Odógunyàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lọ́nà Ṣágámù, nítòsí LASUSTECH tó ń jẹ́ Poly kó tó di yunifásítì ní 2022. (Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ò tíì gbà pé orúkọ ti yí, "Poly! Poly!" ni wọ́n ṣì ń ké.) Títẹ próójẹ́ẹ̀tì, fọ́tòkọ́pì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń gbé gbogbo ẹ̀ ni Dell OptiPlex 990, èyí tó ga tó sì fẹ̀, kì í ṣe pẹlẹbẹ. 2011 ni wọ́n gbé irú ẹ̀ jáde. Próséṣọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) i5-2400 ló wà nínú ẹ̀, háádì-dísìkì kan, àti ẹ̀rọ DVD kan tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ àfi àwọn tó ń ya fídíò ìnáwó. Kò sí káàdì gráfíìsì kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n jù ú nù kí n lọ ra tuntun, kó kọ́kọ́ wá bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù. Word ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ geere, CorelDRAW náà ń ṣiṣẹ́, kí ni mo tún ń wá?

Power pack tó bá a wá láti òkè òkun kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Bọ́tìnnì iwájú ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, fáànù ò yí rárá. Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn lára Dell yìí. Ní ẹ̀yìn power pack rẹ̀, nítòsí ibi tí wáyà iná ń wọlé, bọ́tìnnì tíntín kan wà pẹ̀lú iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ yọ àwọn wáyà power pack kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ so mọ́), ẹ fi iná sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn. Tí iná kékeré náà bá tàn ní àwọ̀ ewé, ẹ lọ wá ẹjọ́ síbòmíràn. Tí kò bá tàn, power pack ló kú. Tèmi ò tàn. Ìyẹn ni mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́jọ́, torí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe kan wà tó jẹ́ pé mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, owó ibẹ̀ ló pọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ wà ní Sábó, ní ẹ̀yìn ọjà. Ọmọkùnrin tó ni ín, Ẹ̀ńjíníà ni gbogbo ayé ń pè é. Yàrá kan péré ni, CPU tòkunbọ̀ ló kún ibẹ̀ dé òrùlé, àyè tí oníbàárà máa fi ìdí kan àga ò sí. Bí mo ṣe wọlé tí mo gbé òkú power pack mi lé tábìlì, ó ti na ọwọ́ sókè gbé páálí kan sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, 600W rèé. Tuntun ni, mi ò tíì já a. ₦12,000 péré ni mo máa gbà lọ́wọ́ yín."

"Ẹ̀ńjíníà, ámpì mélòó ló kọ sí abẹ́ 12 fóltì?"

Ó yí páálí náà síwá sẹ́yìn. Kò rí i lára páálí. Ó já a, ó yọ ọ́, ó wo sítíkà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. "14 ni wọ́n kọ, mà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Oríṣi iná mẹ́ta pàtàkì ló ń jáde lára power pack: wáyà àwọ̀ ọsàn ń gbé 3.3 fóltì, pupa ń gbé 5, yẹ́lò ń gbé 12. Láti ìgbà Pentium 4 ni próséṣọ̀ ti ń jẹun lórí 12 fóltì. ATX ni ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé láti ṣe power pack. Ìlànà ATX12V tó jáde ní 2000 ló gbé púlọ́ọ̀gì oníhò mẹ́rin yẹn wá, èyí tó máa ń wà nítòsí próséṣọ̀. Háádì-dísìkì àti fáànù náà, orí 12 fóltì yìí ni wọ́n wà. Nítorí náà, ẹ fi 12 lọ́nà iye ámpì tó wà lábẹ́ ẹ̀. 12 lọ́nà 14 jẹ́ 168 wọ́ọ̀tì. Ohun tí 600W yẹn lè fún ibi tó nílò iná jù lọ nìyẹn, tí a bá tiẹ̀ gba sítíkà gbọ́. Ibi tí wọ́n ti rí 432 tó kù, àwọn tó tẹ páálí ló mọ̀.

Kí ni ẹ̀rọ mi fúnra ẹ̀ ń jẹ? 95 wọ́ọ̀tì ni Intel kọ fún i5-2400. Háádì-dísìkì kì í jẹ ju bíi 10 lọ tó bá ti ń yí, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ámpì 2 lórí 12 fóltì, ìyẹn 24. DVD lè jẹ 20 tó bá ń kọ nǹkan sórí àwo. Mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, fáànù àti gbogbo ohun tó so mọ́ USB, ẹ jẹ́ ká ya 40 sọ́tọ̀ fún wọn. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 179, ìyẹn sì ni tí gbogbo wọn bá fẹ́ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. 265W ni Dell fún un láti ilé, ó sì tó o.

Àwọn oníbàárà mi kan máa ń rò pé power pack ńlá máa ń jẹ iná ju kékeré lọ. Ọkùnrin kan tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, sọ fún mi pé òun ò lè ra 450W torí pé jẹ́ẹ̀nì òun ò ní gbé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí a kọ sí ara power pack ni ohun tó lè fún ẹ̀rọ tó bá béèrè. Ẹ̀rọ tó bá béèrè 80, 80 yẹn àti ìwọ̀nba tó bá sọ di ooru lójú ọ̀nà ló máa fà lára jẹ́ẹ̀nì, ì báà jẹ́ 265 tàbí 1000 ni ẹ fi sí i. Ohun tí àmì 80 Plus wà fún nìyẹn: ní 2004 ni wọ́n dá ètò àmì yìí sílẹ̀, ó sì túmọ̀ sí pé nínú 100 wọ́ọ̀tì tó bá wọlé, ó kéré tán 80 ló máa dé inú ẹ̀rọ.

Mo sọ fún Ẹ̀ńjíníà pé mo fẹ́ dán 600W ẹ̀ wò pẹ̀lú tòkunbọ̀, kí n gbé méjèèjì lọ sí Odógunyàn, kí n san owó méjèèjì sílẹ̀, kí n dá ọ̀kan padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Mo fún un ní máàkì fún èyí, torí àwọn mìíràn wà lójú pópó tí wọ́n á ní ọjà tó bá ti kúrò nílẹ̀ ò ní padà mọ́.

Ẹ fi ọwọ́ gbé méjèèjì kí ẹ tó san owó. Tòkunbọ̀ Dell wúwo lọ́wọ́, ẹ ó mọ̀ pé irin àti kọ́pà wà nínú ẹ̀. Ti inú páálí fúyẹ́ bí ewé ẹ̀kọ tí wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ inú ẹ̀ tán. Mo ní kí Ẹ̀ńjíníà ṣí irú ẹ̀ kan hàn mí, ó sì ní òkú kan lábẹ́ tábìlì tí ẹnì kan dá padà. (Ẹ má ṣí tiyín nílé o. Iná 230 fóltì tó bá wọlé, nǹkan bíi 325 ló ń dúró sí nínú kapásítọ̀ ńlá tó ń kó iná pamọ́ nínú ẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ lè ṣèèṣì fi ọwọ́ kàn án.) Ẹ̀ńjíníà fi skrúdíráfà tọ́ka. Níbi tí iná ti ń wọlé, wọ́n tẹ àwòrán kọ́ìlì méjì sórí bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kọ́ìlì ò sí níbẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n fi so ihò kan mọ́ èkejì. Àwọn kọ́ìlì yẹn ló yẹ kó máa sẹ́ ìdọ̀tí iná. Irin tó yẹ kó máa gba ooru tinrin débi pé mo lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kapásítọ̀ méjì ńlá náà kúrú ju àtàǹpàkò mi lọ. Wáyà tó lọ sí mọ́dábọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kúrú. Lára 990 mi, ó fà gbọọrọ kó tó dé ibi púlọ́ọ̀gì, ó sì gba orí fáànù próséṣọ̀ kọjá.

Nígbà tí mo gbé ti inú páálí sórí ẹ̀rọ, ó tàn lójú ẹsẹ̀. Windows wọlé, Word ṣí, gbogbo ẹ̀ dára. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn máa yìn ín. Mo wá kó iṣẹ́ lé e lórí: mo ní kí CorelDRAW gbé bánà ńlá kan jáde, mo ń kọ fídíò ìnáwó sórí DVD lọ́wọ́, mo sì ń da fáìlì sórí háádì-dísìkì ìta. Mo fi ẹnu mítà pupa sí wáyà yẹ́lò láti ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì oníhò mẹ́rin, mo fi dúdú sí dúdú. Ìlànà ATX gbà kí 12 fóltì fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn láti 11.40 dé 12.60. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 11.78. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 11.50. Ó dé 11.21, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ẹ̀rọ náà sì tún ara ẹ̀ tàn. Àwo DVD yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Òórùn fáníìṣì tó gbóná ń jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní bóyá fáírọ́ọ̀sì ni. Mo ní fáírọ́ọ̀sì kì í rùn.

Ẹ wò ó, irú àìsàn yìí ni àwọn èèyàn ń gbé kiri. Ẹ̀rọ tó ń tún ara ẹ̀ tàn nígbà tí iṣẹ́ bá le, tó máa ń dúró nígbà tó bá wù ú, wọ́n á ní Windows ni, wọ́n á fi Windows tuntun sí i, wọ́n á ra RAM. Power pack ni wọn ò ní wò, torí fáànù ẹ̀ ṣì ń yí.

Tòkunbọ̀ Dell tí mo gbé lé e lẹ́yìn ìyẹn, 265W ni, L265AM-00 ló kọ sí ara ẹ̀. Lite-On ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Dell kì í fúnra ẹ̀ ṣe power pack, Lite-On, Delta àti AcBel ló máa ń ṣe é fún un. Owó ẹ̀ ₦15,000. Iṣẹ́ kan náà ni mo kó lé e lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 12.06, nígbà tí gbogbo ẹ̀ ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, ó wà ní 11.95, kò kúrò níbẹ̀. DVD jáde. Bánà jáde. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbóná.

Ó ní àléébù o. Eruku òyìnbó ló kún inú fáànù ẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì àti blówà fọ̀ ọ́ kí a tó lò ó. Láàárọ̀, tí ẹ̀rọ ò bá tíì gbóná, fáànù náà máa ń súfèé díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ fún yín iye wákàtí tí tòkunbọ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì òyìnbó kó tó dé Sábó. Kapásítọ̀ máa ń gbó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín gba àárín ihò ẹ̀yìn wò ó: orí kapásítọ̀ tó dára máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń wú tàbí kó sun omi rúsúrúsú sórí. Tí ẹ bá rí ìwú, ẹ dá a padà sí àyè ẹ̀. Ẹ fi ìka yí fáànù náà pẹ̀lú. Tó bá ń le lọ́wọ́, ọjọ́ ẹ̀ ti ń lọ.

Nǹkan kan wà tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀ńjíníà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ mọ̀. Àwọn power pack àtijọ́ kan ní súwíìṣì pupa kékeré lẹ́yìn, tó ní 115 àti 230. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 115 ló máa wà. Bí Ẹ̀ńjíníà bá ti mú ọ̀kan sílẹ̀, kó tó wá wáyà, orí bàírò ló kọ́kọ́ máa fi ti súwíìṣì yẹn sí 230. Kò tilẹ̀ wo ibi tó ń ti í. Bí ẹ bá fi iná ilé wa sí èyí tó wà ní 115, ẹ ó gbọ́ ìró "gbàá", èéfín á tẹ̀lé e. Mo ti rí i kí ọmọ iṣẹ́ kan ṣe é ní ibòmíràn, oníbàárà dúró síbẹ̀ tó ń wò, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tí kò ní súwíìṣì, ẹ wo sítíkà ẹ̀: tó bá kọ 100-240, ó máa mọ iná ilé yín fúnra ẹ̀.

Ẹ̀kẹta tí mo dán wò kì í ṣe tèmi. Àbúrò ọkọ mi tó ń ya fídíò ní Ìgbógbó ló ra Corsair CV450 tuntun ní Computer Village, 450W, àmì 80 Plus Bronze wà lára ẹ̀. Ó gbé e fún mi lọ́jọ́ kan tó wá kí wa. Ó dára, kò sí àríyànjiyàn. 12 fóltì ẹ̀ ò mì rárá, fáànù ẹ̀ ò sì dún sí etí mi. Ṣùgbọ́n ó ju ₦60,000 lọ nígbà tó rà á, láìka owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà àti oorun tí a máa sùn ní Mile 12. Fún un, owó yẹn tọ́, torí káàdì gráfíìsì GTX 1050 Ti wà nínú ẹ̀rọ ẹ̀, káàdì yẹn nìkan ń jẹ 75 wọ́ọ̀tì, àti láti inú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti ń fà á. Ẹ fi 75 kún 179 tèmi, ẹ ó rí i pé 265W ti há. Fún èmi tí kò ní káàdì, tí owó ẹ̀rọ mi lódindi kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti power pack yẹn, mi ò rí ìdí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú kàn gan-an ni púlọ́ọ̀gì, torí ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti máa ń já èèyàn kulẹ̀. Púlọ́ọ̀gì oníhò 24 ni 990 àti 7010 onígíga ń lò, power pack ATX yòówù tó bá wọ inú àpótí ẹ̀ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dell ṣe 7020 àti 9020, ó yí i padà sí oníhò 8. HP ProDesk 600 G1 ń lo oníhò 6. Ẹ ò lè fi ipá wọ̀ ọ́. Wáyà kékeré tí wọ́n fi ń so 24 mọ́ 8 tàbí mọ́ 6 wà lọ́jà, Ẹ̀ńjíníà náà ní díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn pẹlẹbẹ náà, power pack tiwọn rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí, ti ATX gidi tó fẹ̀ ní mílímítà 150 tó sì ga ní 86 ò ní wọlé. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ tú òkú tiyín kí ẹ gbé e lọ.

Àwọn ẹ̀rọ tó dàgbà ju tèmi lọ ní wàhálà tiwọn. Bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀ ní Ìpakòdò ṣì ní Pentium III tó fi ń kọ ìwé ìtàn ìdílé wọn. Oníhò 20 ni mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ̀. Tuntun oníhò 24 lè wọ̀ ọ́, mẹ́rin á kàn yọ síta, ọ̀pọ̀ tuntun sì ní 20 pẹ̀lú 4 tó ṣeé yọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orí 5 fóltì ni Pentium III àti ọ̀pọ̀ Athlon XP ti ń jẹun, àwọn power pack òde òní sì ti kó gbogbo agbára wọn sí 12. Nítorí náà, fún irú ẹ̀rọ Bàbá, abẹ́ 5 fóltì ni kí ẹ ti ka ámpì, kì í ṣe abẹ́ 12. Tó bá sì jẹ́ Dell nǹkan bíi 1998 sí 2000, ẹ rọra. Dell ìgbà yẹn lo púlọ́ọ̀gì tó jọ ti ATX gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n to wáyà inú ẹ̀ lọ́tọ̀. Ó máa wọlé dáadáa. Tí ẹ bá tan iná báyìí, power pack lè jó, mọ́dábọ́ọ̀dù lè bá a lọ.

Nípa iná wa, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn wà ní ìhín ní Ìjẹ̀dẹ́, ẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220 mẹ́gáwọ́ọ̀tì, 1,320 lápapọ̀, àwa tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣì ń ra epo. Ẹ ra UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ. Power pack tó dára lè di ẹ̀rọ mú fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16 lẹ́yìn tí iná bá ti lọ, UPS tó dára kì í sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbà á. Ti inú páálí yẹn ò dúró de UPS mi. Bí iná ṣe lọ báyìí ni ẹ̀rọ kú, UPS sì ń ké lórí òfo. Tòkunbọ̀ Dell ò mira. Tó bá jẹ́ tuntun tó ní active PFC (ọgbọ́n inú power pack tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) lẹ ra, àwọn UPS olówó pọ́ọ́kú kan wà tí iná wọn kì í bá a mu, tí ẹ̀rọ á pa ara ẹ̀ bí UPS bá ti gbà á, nítorí náà ẹ dán méjèèjì wò pa pọ̀.

Kí n padà sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀ńjíníà. Ọ̀nà tó fi ń dán ọjà wò fún oníbàárà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Píìnì ìwé ló máa fi so wáyà àwọ̀ ewé mọ́ dúdú, fáànù á yí, á ní "ó wà láàyè, mà." Òótọ́ ni pé wáyà àwọ̀ ewé ló ń pàṣẹ fún power pack pé kó tàn, ṣùgbọ́n ti inú páálí náà yí fáànù lórí píìnì ìwé, ó sì wọn 12.1 lórí mítà níbẹ̀. Ohun tí kò gbé ẹrù kankan, kò sí bí kò ṣe ní dúró. Mo ní kó so ó mọ́ CPU kan tó ní háádì-dísìkì àti DVD, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ níwájú mi. Ó kùn, ó ní àyè ò sí, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ ní kó ṣe é.

Kì í fúnni ní rìsíìtì àyàfi tí ẹ bá béèrè, ìdánilójú ọ̀sẹ̀ kan ló sì ń fún tòkunbọ̀, ẹnu lásán. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ara power pack náà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ẹ̀. Rédíò ẹ̀ ń pariwo jù, ẹ ó máa kígbe kí ẹ tó gbọ́ ara yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ti inú páálí padà tí mo fi fídíò mítà hàn án lórí fóònù mi, kò jà. Ó wo 11.21 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ka owó mi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi fídíò náà ránṣẹ́ sí òun, òun máa fi han ẹni tó ń kó ọjà wá fún òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń tì láti ìrọ̀sán títí wọ́n á fi kírun tán. Ẹ lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀ ní Sábó, kí ẹ mú òkú power pack yín dání, àti mítà tiyín tí ẹ bá ní in.